Ọwọ́ Tó Wọ Inú Koríko

Verna Yutzy kò rí ọkùnrin rí tó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì koríko títí dé abíyá, tó tún wá dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Bí ó ṣe kọ́kọ́ rí Delbert nìyẹn, lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin bàbá Verna, ní ọ̀sán Sátidé kan tó wá bá wọn kó koríko.

"Ẹyin adìyẹ lò ń wá ni?"

Delbert lajú. "Iná ni mò ń wá."

"Ṣé o ti rí i?"

"Ó kù díẹ̀." Ojú tì í díẹ̀. "Koríko yìí ò tíì gbẹ. Tẹ́ ẹ bá kó o sínú àká báyìí, á gbóná láti inú wá, á sì jó."

Mahlon, bàbá Verna, gbọ́, ó sì kọtí ikún. Òjò ti ṣú, ọjọ́ kejì sì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa kì í fọwọ́ kan iṣẹ́. "Ẹ kó o wọlé jàre! Ṣé ọmọ àná ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ oko ni?"

Kí oṣù náà tó parí, Delbert àti Verna ti ń gba ọ̀nà tó jìn jù délé lẹ́yìn orin tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ máa ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti fẹnu kò pé àwọn máa fẹ́ra nígbà ìkórè. Ìparí oṣù náà gan-an ni àká tí Mahlon kó koríko náà sí jóná ráúráú.

"Delbert ló gbàgbé àtùpà síbẹ̀!" Mahlon sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ.

Delbert kàn dìde. "Mi ò tan àtùpà kankan níbẹ̀." Ó tún jókòó.

Èmi, obìnrin aládùúgbò wọn, wà lẹ́yìn ọgbà tí mò ń já ẹ̀wà nígbà tí Verna ká Delbert mọ́ ibẹ̀. Kí n má purọ́, mo ti já ẹ̀wà náà tán tipẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ̀rọ̀ koríko? Bí o ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́!"

"Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi. Àká bàbá ẹ ti jóná. Ṣé ká tún wá dójú tì í ni?"

"Òun ńkọ́? Ṣé kò dójú tì ẹ́?"

"Ó dùn mí o. Mi ò rí oorun sùn. Àmọ́ Jésù ò ní kí n san án padà, ó ní kí n fẹ́ràn ẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀. Ṣé òòlù tó dáa wà nílé yín?"

Lọ́jọ́ tí a péjọ láti kọ́ àká tuntun, Delbert ló kọ́kọ́ dé. Mahlon kò kí i, ó ní kó lọ máa pọnmi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa lọ bá ń gbé omi kiri, Mahlon ló sì kọ́kọ́ bù fún. Ká ní èmi ni, orí rẹ̀ ni ǹ bá da omi náà lé. Mo wo ojú Delbert títí, mò ń wá ìbínú tó fi pamọ́. N kò rí i.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ oúnjẹ Olúwa àfi bí oníkálukú bá sọ pé kò sí ìjà láàárín òun àti ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn oúnjẹ náà sì ni wọ́n ń kéde ìgbéyàwó. Bí Mahlon bá yarí, kò sí ìgbéyàwó nìyẹn. Ní ìpàdé tí wọ́n ti ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, Verna jókòó tì mí.

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ni Delbert wí.

Ó kan Mahlon. Ó dìde.

"Àtùpà kọ́," ló wí. "Koríko tutù ni mo kó sílé. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi. Látọjọ́ tó ti bu omi fún mi ni omi ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa."

Lọ́jọ́ oúnjẹ náà, nígbà tí a ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa bí ìṣe wa, ọkùnrin ní pálọ̀, obìnrin nínú yàrá, Mahlon gbé abọ́ omi lọ síwájú Delbert, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, koríko mi ò ní wọlé àfi tí ọkọ ọmọ mi bá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Verna, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, fò sókè, gbogbo omi abọ́ náà sì dà lé mi lórí. Mo rin gbindin, inú mi sì dùn débi pé n kò ráyè bínú.