Ara Kì í Purọ́

Enilda na apá òsì sókè lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, ó pa eyín pọ̀. Àwọn kámẹ́rà láti òkè àjà tan ìmọ́lẹ̀ sí àyà rẹ̀, wọ́n ń fi ara rẹ̀ tòní wé ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ ọmú má baà ṣìnà lọ bá ọkàn. Ìgbà méjìlá ló ti gba ìtànṣán yìí, àwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé méjèèjì bára mu, ló sì máa ń hàn lójú ẹ̀rọ. Lónìí, pupa ni.

"Màmá, ṣé kò sí ohun tó yí padà?" Wilmer tó ń darí ẹ̀rọ béèrè. "Ṣé kò síbi tó ń dùn yín?"

Enilda wo Keyla, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó dúró tì í.

Láti Sátidé ni ọmú náà ti wú, tó gbóná bí ààrò. Keyla ló bẹ̀ ẹ́ nílé wọn ní ìlú Palenque: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ. Wọ́n á dá yín dúró sílé ìwòsàn, èmi ni màá sì máa tọ́jú yín. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ nìdánwò àṣejáde mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán."

Irun ni Enilda ń dì fún àlejò ní etíkun Cartagena. Kò fẹ́ kí ọmọ òun jogún iṣẹ́ inú oòrùn. Ó gbà.

"Kò sí nǹkan kan o," Keyla yára dáhùn. "Gbágùúdá ni wọ́n jẹ lájẹjù. Ẹ ò wo ikùn wọn!"

Wilmer rẹ́rìn-ín. Ó tún bí Enilda ṣe dùbúlẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Pupa náà ni, ibi ọmú gan-an sì ni.

"Àbúrò, ibí yìí kì í ṣe ikùn," ó wí. Ó pe dókítà.

Dókítà fọwọ́ kan ibẹ̀, Enilda ké. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Sátidé, mà," Keyla dáhùn.

"Ọjọ́ kẹrin rèé! Ẹ sì dákẹ́?"

Ọyún ti kún inú ọmú náà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Keyla ń ṣèdánwò, orí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ló jókòó sí. Enilda kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi dá ìtànṣán dúró, dókítà kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé jẹjẹrẹ náà kò rí àyè gbèrú.

"Màmá, èmi ni mo kó bá yín," Keyla sunkún.

"Èmi náà lẹ́nu, mo sì pa á mọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ìdánwò á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Enilda á ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ má ṣe torí ohunkóhun fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tó lè wò ó.