Oyin Ọ̀pẹ Olúrẹ̀mí

Èéfín ló mú èmi àti Olúrẹ̀mí pàdé, ìkòkò tó ń rú èéfín náà ló sì fẹ́ẹ̀ tú wa ká.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú Ìlá, mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo sá aṣọ iṣẹ́ mi sórí okùn, funfun báláú. Kí n tó jẹun tán, èéfín ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Mo fi ìbínú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ aládùúgbò mi lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń sun níbí?"

Ọkùnrin kan gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá kan, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Oyin ni mò ń sè."

"Oyin? Ta ló ń se oyin láyé yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Àwọn òyìnbó kan lu igi ní ihò, omi igi náà ń kán sínú korobá, wọ́n sì ń sè é lẹ́yìnkùlé wọn títí ó fi di bí oyin. Olúrẹ̀mí ní àwa tí a ní ọ̀pẹ ńkọ́? Olùkọ́ ni, eré tó ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ sọ̀ ló ń rà, kó tó le.

Ó bá mi fọ aṣọ yẹn fúnra rẹ̀, ó tún fi bulúù sí i. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti rọ̀ sí i.

A fẹ́ràn ara wa gan-an, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn! Lónìí oyin inú rẹ̀ jóná, lọ́la ó kan. Mo ní kó wá rí bàbá mi ní Òkè-Ìlá, ó ní òun ò ní lọ lọ́wọ́ òfo, pé oyin tí wọ́n máa fi wúre fún wa, ọwọ́ òun ló máa ti wá.

"Oyin wà lọ́jà, Olúrẹ̀mí."

"Ṣúgà ni tọjà. Fara balẹ̀, oyin mi."

"Oyin wo? Èmi àbí tinú ìkòkò?" Ọkùnrin olórí kunkun!

Nígbà tó sì máa lọ, ìgò oyin kan tí kò tíì kì dáadáa ló gbé dání. Àlájì ni bàbá mi, ẹmu kì í wọlé wọn. A jókòó ní pálọ̀, à ń kíra wa, ni ìdérí ìgò bá ta pàà! Ìfofòó dà sórí ẹní ìkírun bàbá mi, òórùn ẹmu gba gbogbo ilé.

"Oyin kì í kan, ìyẹn la ṣe ń fi í wúre," bàbá mi sọ. "Ohun tó ń kan ni o fẹ́ fi wúre fún ọmọ mi? Dìde."

Mo sunkún dé Ìlá. N ò bá Olúrẹ̀mí sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ó wá sinmi? Rárá o, èéfín tún ń rú! Inú bí mi, mo tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tó fi ń ra ẹmu, mo gbóòórùn rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọjọ́sí wà nísàlẹ̀.

"O kì í fọ̀ ọ́ ni?"

"Bàbá wa àgbà ń dá ẹmu. Wọ́n ní a kì í fọ̀ ọ́ tán, ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè le."

"Ẹni tó fẹ́ mu ún nìyẹn! Ìwọ fẹ́ sè é!"

Ó káwọ́ lérí. Mo fi omi híhó fọ kẹ́ẹ̀gì náà bí a ṣe ń fọ irinṣẹ́ wa nílé ìwòsàn. A ra ẹmu tuntun sínú rẹ̀, a jọ sè é títí ó fi pọ́n, tó ń fà lẹ́nu ṣíbí.

Mo gbé ìgò kan lọ bẹ bàbá mi ní Òkè-Ìlá. Wọ́n gbà á, wọ́n sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. "Bó bá kan kí àwẹ̀ tó parí, ẹ gbàgbé ara yín."

Àwẹ̀ ọdún yẹn gùn ju gbogbo àwẹ̀ lọ. N ò rí oorun sùn. Olúrẹ̀mí tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, bàbá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Bàbá, ta ló lá a?"

Wọ́n wúkọ́. "Ṣé kí n máa wò ó láìtọ́ ọ wò ni? Kókó ìṣínu ni mo ń fi í mu."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Háà! Èmi ń kú lọ, bàbá mi ń lá oyin!

"Má wò mí bẹ́ẹ̀, Kàdíjátù. Ní kó máa bọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Kó gbé ìgò ńlá dání o, èyí tó kù yìí ò lè tó wúre."

Mo sáré bọ́ síta, mo pè é.

"Oyin mi," mo ní, "lọ dáná."