Kàléńdà Tó Bo Ògiri

“Hidayat, di tẹ́ẹ̀pù yẹn mú dáadáa! Kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan kan, Dádì.”

Nǹkan wà o, nǹkan ńlá. Láti àárọ̀ ni Hidayat ti ń gbé e sínú, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Bàbá rẹ̀, Alhaji Múdàṣírù Shittu, tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, dúró lórí àga, ó ń wọn pálọ̀ ilé wọn ní Ìkòsí. Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, Ìyá Àgbà wà nínú èkejì, àwọn ọmọ márààrún sì há mọ́ra nínú ẹ̀kẹta. Hidayat ni àkọ́bí. Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù méjì, ilé ìdáná ló sì ti ń kàwé, láàárín ìkòkò àti èéfín.

Alhaji ti ronú títí. Ẹ̀yìnkùlé kò gba yàrá mọ́, ilé náà sì ti gbó ju èyí tí wọ́n máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí. Àjà nìkan ló kù. Òrùlé ayé àtijọ́ ga, èèyàn lè dúró nàró lábẹ́ páànù rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ pákó sílẹ̀, wọ́n á lu fèrèsé, wọ́n á gbé àtẹ̀gùn onígi sí igun pálọ̀. Hidayat ló máa ni yàrá náà. Ó ti yà á sínú ìwé rẹ̀ tán: tábìlì nídìí fèrèsé, àti ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

“Eku ló ń gbé àjà nígbà tiwa,” Ìyá Àgbà fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti orí àga rẹ̀. “Ọmọ ọmọ mi ti fẹ́ di eku!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Hidayat náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sún àga Ìyá Àgbà, ó sì rí i pé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, láti ìwọ̀n orúnkún dé èjìká. Ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé, bí Ẹnjiníà tó ń bọ̀ wá yẹ ilé wò bá rí àléébù kan lára ògiri, ọ̀rọ̀ àjà ti parí nìyẹn. Kí ló wá ṣe? Ó yọ kàléńdà ẹgbẹ́ Àsàlátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi kọ́ síbi tó sán náà, ó sì dá àga padà sáàyè rẹ̀. Kàléńdà márùn-ún ló wà lára ògiri pálọ̀ yẹn. Ta ló máa bi í pé kí ló dé tí ọ̀kan fi kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún?

Ẹnjiníà Akínbíyì dé láti Ogudu lọ́sàn-án.

“Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, Alhaji,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri pẹ̀lú ìka. Ó ṣí kàléńdà kìíní wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí ìkejì. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá náà ti di ojú, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dí àgbàlagbà lọ́wọ́ nídìí àdúà. Ẹnjiníà rọra yà kúrò, ó wá kọjú sí Hidayat.

“Ṣé ìwọ lo ń gbálẹ̀ níbí? O ò rí ibi tí ògiri ti sán?”

“Rárá, sà.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹnjiníà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Elkanah, kápẹ́ńtà, gbé àwọn igi ńlá lé orí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, bí Hidayat bá ṣí ìwé bàọ́lọ́jì, ìlà kan ṣoṣo ló máa ń kà láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà gbọn gèlè rẹ̀. “Ta ló ń da èlùbọ́ sí mi lórí?” Eruku ògiri ni. Hidayat sáré gbá a kí bàbá rẹ̀ tó wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, ibi tó sán ti yọ sísàlẹ̀ kàléńdà, ó sì fa kàléńdà náà wálẹ̀ díẹ̀. Ó ń ṣe é bíi kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ gbé gbogbo pákó gòkè. Hidayat ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ sí lẹ́sìnnì ní Kẹtu.

“Hidayat,” Ìyá Àgbà pè é, “aláǹgbá kan wọ ẹ̀yìn kàléńdà yìí lánàá. N ò rí i kó jáde.”

“Ó ti jáde, Ìyá Àgbà.”

“Ibo ló gbà? Ojú mi ṣú ni, kò fọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.”

Ìyá náà ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Hidayat jáde. Ó dé gééètì. Ó gbọ́ tí Elkanah ń kígbe lókè pé, “Ẹ gbé mẹ́wàá wá lẹ́ẹ̀kan!” Ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé pálọ̀, ó rí orí Ìyá Àgbà lábẹ́ gbogbo ẹrù yẹn. Kò mọ ìgbà tó ju báàgì sílẹ̀.

“Dádì! Ẹ ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀!” Ó já kàléńdà náà bọ́. “Ògiri ti sán! Mo ti mọ̀ tipẹ́, èmi ni mo bò ó!”

Ọwọ́ ti lè wọ inú ògiri náà báyìí. Alhaji gbé ìyá rẹ̀ lápá, ó ń pariwo, “Elkanah, ẹ sọ̀kalẹ̀! Gbogbo yín, ẹ jáde!” Wọ́n kò tíì pẹ́ lójúde nígbà tí ògiri náà dà wó gbàà, tòun ti igi àti páànù. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí ẹsẹ̀ kan àga Ìyá Àgbà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò nà án. “Nítorí yàrá, Hidayat? Ìyá mi?”

Ó dùn ún ju ẹgba lọ. Hidayat dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ bí ọkùnrin, kò rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tòun, ó ń sunkún pé kí wọ́n dárí ji òun.

Nígbà tí Ẹnjiníà Akínbíyì dé, ó wo ògiri, ó wo Hidayat, ó mi orí. “Ká ní o fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn ni, òpó irin méjì láti Owódé Onírin la máa fi gbé ibẹ̀ ró. Ìwọ ì bá ti máa sùn nínú yàrá rẹ lónìí.”

Háà! Òótọ́ tó ń sá fún ló gbé yàrá náà dání.

Yàrá Ìyá Àgbà bá ògiri náà lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ló kó lọ. Wọ́n di mẹ́fà. Hidayat padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Ìyá Àgbà sì máa ń gbé àpótí wá jókòó tì í.

“Sísán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ògiri,” ìyá náà sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Ilé tó bá pẹ́ láyé á sán. Ẹni tó bò ó ló ṣẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n tún ògiri náà mọ tán, Alhaji mú kàléńdà tuntun àti ìṣó wá.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́,” Hidayat wí, “ẹ jẹ́ kí ògiri yìí wà lófo. Mo fẹ́ máa rí i.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àléébù tí a bá tètè fi hàn, òpó méjì lè gbé e ró. Èyí tí a bá fi pamọ́ kì í dúró sí bí a ṣe bò ó, ó ń fẹ̀ ni, orí ẹni tí a fẹ́ràn ló sì lè wó lé.