Ẹ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Tíṣà tíì kì bọ bàtà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

"Ìyá àwọn ọmọ, sáré wá! Wá wo ohun tójú mi rí!"

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti yàrá pẹ̀lú òòyà nínú irun. Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó wo fóònù náà, òun náà sì gbàgbé òòyà síbi tó wà. Jíìpù kan ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ń dán gbinrin.

"Àlòkù ni o," Tíṣà ní, "àmọ́ kò sí ohun tó ṣe é. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà!"

"Mọ́tò wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe mẹ́rin?"

"Rárá, gbọ́ ná. Mọ́tò wa yìí, ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń fún lágbára. Méjì tẹ̀yìn kàn ń wọ́ tẹ̀lé e ni, bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ síléèwé. Ti jíìpù yìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Bí méjì bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, méjì tó kù á tì í jáde."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Agbẹ̀bí lára. Orí òkè ni ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ wà, ọ̀nà amọ̀ pupa ló sì dé ibẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, mọ́tò kékeré wọn kì í kọjá ìsàlẹ̀ òkè. Ẹsẹ̀ ló fi ń gun ìyókù, àpótí irinṣẹ́ lórí, bàtà lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni tọkọtaya náà ti ń tọ́jú owó pamọ́ kí ìyà yìí lè dópin.

Kí wọ́n tó jáde, Tíṣà fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó rẹ̀. Mẹkáníìkì ni obìnrin náà ní ìlú kejì, Sípánà sì ni ìnagijẹ rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi pè.

"Bọ̀ọ̀dá, ó mà rẹwà o! Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Màá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá wo abẹ́ ẹ̀."

"Abẹ́ ẹ̀ kẹ̀? Ṣé abẹ́ ẹ̀ la fẹ́ máa jókòó sí ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sípánà ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, abẹ́ ni àṣírí jíìpù máa ń wà. Ẹ ṣáà dúró dè mí."

Tíṣà ṣèlérí. Ìlérí náà ò lò ju wákàtí mẹ́jọ lọ láyé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, òun àtìyàwó rẹ̀ ní àwọn kàn fẹ́ fojú kàn án ni. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà ń jẹ́ Ọ̀gá Dídán. Kò sí ohun tí kì í dán níbi ìtajà rẹ̀: mọ́tò ń dán, bàtà rẹ̀ ń dán, àní orí rẹ̀ pàápàá ń dán. Wọ́n bá jíìpù náà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọra ń kùn.

"Mo ti ń mú un gbóná dè yín," ni Ọ̀gá Dídán wí. "Bàbá, ẹ bọ́ síbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí wò."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, àwòrán mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Wọ́n wà á lọ wà á bọ̀ lójú ọ̀dà. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń ra ọwọ́ lórí àrán. Nígbà tí wọ́n padà, Agbẹ̀bí rìn yí i ká. "Táyà iwájú wọ̀nyí tuntun ni. Tẹ̀yìn ti jẹ tán, wọn ò sì jọra. Ṣé kò léwu?"

"Màmá mi, táyà ni, táyà náà ni."

"Ṣé a lè gbé e dé ibi tó ní ẹrẹ̀, ká wò ó?"

"Ẹrẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, ma!" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, fóònù rẹ̀ dún. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dókítà, ẹ ti wà lójú ọ̀nà? Àwọn kan ti ń wò ó báyìí o."

Tíṣà bá gbàgbé ẹni tó ń jẹ́ Sípánà. Ó sanwó, ó sì fọwọ́ síwèé. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà: bí mo ṣe bá a ni mo ṣe rà á. Ó kà á, kò sì rò ó.

Áà, ayọ̀ pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà! Tíṣà ń fun fèrè láti ìkóríta wọlé. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ń kí wọn kú oríire, olúkúlùkù ń tẹ bọ́tìnnì náà kí iná kékeré lè tàn. Agbẹ̀bí jókòó síwájú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ẹrẹ̀, ó dàbọ̀ o!"

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Ẹtì ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, fóònù Agbẹ̀bí dún. Ìyá kan ló ń pè láti orí òkè: ọmọ òun obìnrin ti ń rọbí ní ilé ìwòsàn, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀.

"Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, mo ti ń bọ̀!" Agbẹ̀bí dáhùn. "A ti ní jíìpù!"

Tíṣà gba àyè níléèwé, ó gbé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ó tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, ó sì fẹsẹ̀ rọra tẹ iná fún un. Wọ́n gun kọ́nà àkọ́kọ́. Tíṣà hó yèè! Wọ́n dé èkejì, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan bí òkòtó, ẹrẹ̀ ń fò bo gíláàsì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò mira.

"Tẹ̀yìn ò fà á!" Agbẹ̀bí kígbe.

"Iná ṣáà wà lójú rẹ̀!"

Jíìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Tíṣà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, àmọ́ táyà ẹ̀yìn tó ti jẹ kò rí ilẹ̀ dì mú. Ọkọ̀ náà yí ìdí sí kòtò, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lu igi kan gbàgà. Igi yẹn ló gbà wọ́n. Ọwọ́ òsì Agbẹ̀bí há sáàárín ilẹ̀kùn àti àpótí irinṣẹ́. Ó gbọ́ bí egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣe dún.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kò jókòó síbẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun fi gèlè so ọwọ́ náà mọ́ òun láyà, kó sì gbé àpótí. Àwọn méjèèjì sáré gun òkè nínú òjò, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde.

Igbe ọmọ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ti wáyé, ibi ọmọ sì ti jáde, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ kò dá. Agbẹ̀bí fi ọwọ́ kan ṣoṣo fún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe ìyá arúgbó tó pè é lórí fóònù.

"Màmá, ọwọ́ yín ni ọwọ́ mi báyìí. Ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀. Ẹ máa fi agbára ra á, yíká, yíká. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ilé ọmọ á fi le bí òkúta."

"Ó ti ń rẹ̀ mí, ọmọ mi!"

"Ẹ máa ra á, Màmá! Ó ti ń le! Ẹ máa ra á!"

Ó le. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ìyá arúgbó náà wólẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i, ohun mìíràn là bá máa sọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Sípánà dé. Wọ́n ti fi okùn fa jíìpù náà sísàlẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ, ó sì pariwo láti ibẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá dùbúlẹ̀ tì mí!"

Tíṣà dùbúlẹ̀. Sípánà tan iná tọ́ọ̀ṣì. "Irin gígùn kan ló yẹ kó gba àárín yìí kọjá, tó máa gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ṣááfùtù là ń pè é. Ẹ bá mi wá a."

Tíṣà wò títí. "Mi ò rí nǹkankan."

"Torí kò sí níbẹ̀ ni. Wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ wo ojú bóòtù tí wọ́n tú. Jíà ẹ̀yìn ti bàjẹ́, ó ń pariwo, wọ́n bá yọ irin náà kí ariwo má bàa sí mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táyà tí kò dọ́gba ló bà á jẹ́. Tí táyà kan bá ga ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn á máa bára wọn fa nǹkan títí irin inú wọn á fi jẹ."

"Iná yẹn ńkọ́?"

"Iná ò mọ̀ ju kó tàn lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ohun tí ẹ rà, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wọ aṣọ jíìpù ni."

Tíṣà ò tètè dìde nílẹ̀. "Ojú ló ń kán mi. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí àbúrò ìyàwó mi wá kọ́ mi ní mọ́tò."

Wọ́n padà lọ bá Ọ̀gá Dídán. Ó gbé ìwé síwájú wọn, ó fìka tọ́ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ́fíìsì tó ń gbèjà oníbàárà, ẹjọ́ náà ò sì tíì parí. Tíṣà wá pinnu láti ta jíìpù náà. Ó sọ gbogbo òótọ́ fún ẹni tó rà á, tó jẹ́ pé ojú ọ̀dà nìkan ló fẹ́ máa wà á, ó sì tà á lọ́pọ̀. "Ìrẹ́jẹ tí wọ́n rẹ́ mi jẹ, mi ò ní gbé e débòmíràn," ló wí. Ọwọ́ Agbẹ̀bí wà nínú síméńtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, kò tọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ṣetán láti rà, Sípánà ló ṣáájú. Jíìpù mẹ́ta ni wọ́n kọ̀. Nọ́ńbà ara irin ọ̀kan ò bá ti inú ìwé rẹ̀ mu. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì èkejì sókè, wọ́n bá iyanrìn àti òórùn ẹrẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àgbàrá ti bò ó rí. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti sọ fún olówó rẹ̀ pé kó má tan án kí wọ́n tó dé. Sípánà gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bá a tó gbóná. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó ń ṣòro tan nígbà tó tutù ni wọ́n máa ń mú gbóná deni. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ikọ́ pamọ́ ló ń sọ pé ọ̀fìnkìn ni," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin ò dán rárá. Àwọ̀ eérú ni, ilẹ̀kùn kan ti họ, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ ló sì wà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n tan án. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ wọn bára mu. Ọkùnrin náà kó ìwé gbogbo ọ́ìlì tó ti pààrọ̀ síta. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ṣááfùtù wà níbí!" ó pariwo. "Ọ́ìlì ò jò! Irin ò dípẹtà!"

"Ẹ jáde, Bọ̀ọ̀dá, ẹ wà á," ni Sípánà wí. "Ẹ yí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń darí rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ rọra máa lọ yíká. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Tó bá ń dún kán-kán tàbí tó ń ta èèyàn, ká máa lọ ilé wa."

Kò dún. Wọ́n wá gbé e lọ sójú ọ̀nà amọ̀ pupa, lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ gbà, tí òun náà sì jókòó sẹ́yìn. Òjò àná ò tíì gbẹ. Sípánà wà níta, ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n dé kọ́nà kejì. Iwájú yọ̀ díẹ̀, Agbẹ̀bí di àga mú. Lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ̀yìn gbà á, ó tì í, ọkọ̀ náà sì gùn ún!

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbẹ́lẹ̀!" Sípánà ń fò sókè nínú ẹrẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!"

Agbẹ̀bí ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú torí ó ṣì ń dùn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ má fojú nìkan rà á. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí olùtajà bá fi hàn yín. Ẹ bá ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù, ẹ wo abẹ́, ẹ ka nọ́ńbà táyà, ẹ dán an wò nírú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì ka ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ rántí pé aláboyún lè wà lórí òkè tí ọkọ̀ yín ń lọ. Ẹ̀yin olùrà, bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á, ẹ ní kí wọ́n tà á fún un. Mọ́tò kì í tán lọ́jà. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sínú rẹ̀ ni wọn kì í tà lọ́jà.