Ilé Tí Kò Dáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ kó pe ọ̀rọ̀ yìí ní àlọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin télọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, kì í sì í ṣe onírọ́.

Ìlú kékeré ni wọ́n bí i sí, bí a bá lè pe àwọn ilé tó fọ́n káàkiri orí òkè ní ìlú. Odò gba àárín kọjá, òkè wá tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ebè. Ilé kan kì í rí èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe ara wọn láàárọ̀. Ilé etí odò ló ń bẹ̀rẹ̀, ilé tó tẹ̀ lé e á gbà á, títí yóò fi kan ilé bàbá télọ̀ yìí lókè téńté. Ilé tí kò bá dáhùn, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n á gbéra lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni wọ́n ti fi gbà là.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ, àwọn àgbà ń kú. Wọ́n ti ilé ìwé pa. Nọ́ọ̀sì ò wá mọ́. Ó wá ku bàbá nìkan, apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò náà bí ẹní mowó.

Bàbá ṣubú lọ́jọ́ kan, kò rẹ́ni gbé e dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí télọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe gbọ́ ní ìlú ńlá tó ń gbé, ó gbéra lọ bá a.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ò lè máa dá gbé.”

“Ta ló ní mo dá gbé?”

“Ta ló kù níbí?”

“Gbogbo wọn ni. Tí mi ò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á wá mi wá.”

Àánú bàbá ṣe é. Ó rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń ká aṣọ sínú àpò, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo òkè. Ẹyẹ kan ò ké.

“Ilé odò ti jí o!”

Orí rẹ̀ wú. Ó mọ ohùn náà. Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé ilé etí odò nígbà kan ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

Ilé mìíràn gbà á. Òmíràn tún gbà á. Ohùn náà ń gòkè bọ̀, ohùn àwọn tí oorun ò tíì dá lójú wọn. Ó wá kan bàbá. Bàbá yanu, ó fẹ́ dáhùn. Télọ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó gbé e sínú mọ́tò, wọ́n lọ.

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni télọ̀ ń gbé. Ó fún bàbá ní bẹ́ẹ̀dì, òun sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá ní irú ìlú wo rèé, tó jẹ́ pé hóònù ní ń kí èèyàn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí télọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tí ìrìn ti rẹ̀. Òórùn omi odò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.

“Ṣé kò séwu? A ò gbọ́ yín láàárọ̀ àná.”

Bàbá ti jókòó. Ojú rẹ̀ ń dán.

“Ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọmọ mi. Ọ̀nà jìn.”

“Tí mo bá ṣí i, ṣé ẹ máa bá wọn lọ?”

Bàbá ń wá bàtà rẹ̀.

Télọ̀ fẹ́ràn bàbá yìí ju ohunkóhun lọ. Ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn, ó kígbe:

“Ilé orí òkè ti jí o! Kò séwu!”

Níta, ẹnìkan mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ẹrẹ̀ odò kún àtẹ̀gùn, ìyàwó onílé sì ti ń pariwo nísàlẹ̀ pé ta ló da ilé rú báyìí.

Bàbá fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà ní kékeré.

“O ṣeun. Ṣùgbọ́n ohùn tìẹ ni wọ́n gbọ́. Ìwọ ni wọ́n á máa retí báyìí.”

Bàbá ṣì wà. Láràárọ̀, télọ̀ á ṣí fèrèsé, á kígbe síta. Àwọn ará ilé rò pé àdúrà ló ń gbà. Bí ọ̀fun bá ń dùn ún, á mu omi gbígbóná kó tó sùn. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn yẹn wá nítorí òun.