Fìlà Lójú Aago Ooru

Bí òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú àpò fùláwà ni ọmọbìnrin náà rí lọ́jọ́ tí awakọ̀ tó ń kó fùláwà wá sílé búrẹ́dì kọ́kọ́ fojú kàn án. Àpò ló ya lé e lórí: irun funfun, imú funfun, ó wá dúró láàárín ilé ìkẹ́rùsí, ó ń ṣẹ́jú. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí èmi pàdé bàbá àwọn ọmọ mi, imú ni mò ń fun, ó sì dún!)

"Arábìnrin, bá mi pe ọ̀gá yín kó wá fọwọ́ síwèé ẹrù."

"Èmi lọ̀gá."

"Ìwọ kẹ̀? Mo rò pé ọ̀gá máa ń dàgbà ni."

"Èmi náà rò pé awakọ̀ máa ń pa ẹnu mọ́."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó na ańkáṣíìfù sí i. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹ nu imú."

Láti ọjọ́ náà, ẹrù tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá já tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ ọ̀sán gbáko.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀gá yìí. Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà fi í ṣe olórí òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá. Bàbá Ààrò tó dàgbà jù nínú wọn ti wà nídìí iná kí wọ́n tó bí i, òun gan-an ló sì bí awakọ̀. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Tó bá pàṣẹ, wọ́n á ní "ó dáa, ọ̀gá," wọ́n á wá yíjú wo Bàbá Ààrò bóyá ó mi orí.

Ó ra aago tó ń wọn ooru, ó kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bàbá Ààrò bọ́ fìlà, ó fi bo aago náà lójú. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Á gbé búrẹ́dì, á kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna, á tẹ́tí.

"Àgbà ò gbẹ̀kọ́," ni Ọ̀gá Kékeré wí nínú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bàbá olólùfẹ́ òun ni, síbẹ̀ ó kọ lẹ́tà: láti ọjọ́ Ajé, kí Bàbá fi ìdí ààrò sílẹ̀, kó lọ máa fi ọ̀rá wé búrẹ́dì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni awakọ̀ sọ nílé pé òun ti rí ìyàwó. Bàbá Ààrò fò dìde.

"Ẹni tó sọ mí di awé-ọ̀rá? Ọmọ ìsinsìnyí! Bọ́tìnnì ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọn ò mọ iṣẹ́. Tó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, màá gba ti ẹ̀yìn jáde."

Awakọ̀ wá bá ọmọbìnrin náà lọ́fíìsì.

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ tìtorí bàbá mi. Ìwọ lọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé o bi í?"

"Kí n bi í ní kí ni?"

"Ìdí tó fi ń fi fìlà bo aago."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí fèrèsé, ó wo fìlà lójú aago. Kò bi í rí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn dúró nídìí ààrò, ó ń tẹjú mọ́ aago. Aago ní ooru pé. Igba búrẹ́dì jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀gá Kékeré fa àpótí, ó jókòó ti Bàbá Ààrò nídìí tábìlì ọ̀rá, ó ń bá a wé búrẹ́dì àná tó ṣẹ́kù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bo aago yẹn?"

Bàbá yọ ìwé kékeré kan lápò. Ogójì ọjọ́ ló wà níbẹ̀: ohun tí aago wí, ohun tí búrẹ́dì wí.

"Ooru tó ń kà fi ìwọ̀n ogún dín sí ti inú ààrò. Mi ò fẹ́ káwọn tí mò ń kọ́ gba irọ́ rẹ̀ gbọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Èmi náà ti pinnu pé ọmọdé kì í gbọ́."

"Èmi náà ti ní àgbà kì í gbẹ̀kọ́."

Ọmọbìnrin náà dìde, ó pe òṣìṣẹ́ mẹ́tàlá tó kù jọ. "Aago yẹn ń parọ́, èmi ni mo sì gbà á gbọ́ ju èèyàn lọ. Mo ṣàṣìṣe. Bàbá á padà sídìí ààrò lónìí."

Ẹnikẹ́ni ò wo Bàbá Ààrò bóyá ó mi orí. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń wò.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Bàbá gbé búrẹ́dì gbígbóná lé e lọ́wọ́. "Kàn án."

Ó kàn án, ó tẹ́tí. "Ó ń dún bíi yàrá tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Ó ti jinná."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì ni mo ti máa ń wò yín."

Bàbá Ààrò fi fìlà nu ojú. Ó ní èéfín ni. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbí, òun lọ̀gá mi. Nílé, èmi lọ̀gá rẹ̀. Ẹ lọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó."

"Èmi ńkọ́, Bàbá?"

"Lọ gbé fùláwà wọlé!" Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ayọ̀ pọ̀ fún awakọ̀, ó gbé àpò méjì pa pọ̀. Ọ̀kan ya lé e lórí, ó funfun báláú. Ọmọbìnrin náà rìn dé iwájú rẹ̀, ó yọ ańkáṣíìfù ọjọ́sí.

"Arákùnrin, bá mi pe ọkọ mi."

"Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?" Ó ń nu imú rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mo rò pé ọkọ máa ń dàgbà ni."