Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Píjò

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò náà, síbẹ̀ ó tẹ̀ sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Zùwáírátù dúró sí ẹnu géètì ilé rẹ̀ ní Baṣọ̀run, ó ń wò ó. Kò sí ẹrù nínú búùtù. Táyà kò jò. Ìdí mọ́tò kàn wálẹ̀ lápá ibẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó tó ń dúró de dẹ́rẹ́bà.

Píjò àtijọ́ ni, aláwọ̀ eérú. Àlàájì Sùlàímọ́nù, ọkọ rẹ̀ tó kú, ló ni ín. Nígbà ayé wọn, wọn kì í jókòó síwájú. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni tiwọn, ibi tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ́nàs kọ́nà, níbi tí ọlọ́lá máa ń jókòó. Èèyàn gíga ni wọ́n, wọ́n sì fẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ Zùwáírátù ní mọ́tò wíwà, láti ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọn kì í pariwo. Tí kòtò bá wà níwájú, wọ́n á kàn wúkọ́, òun náà á tẹ bíréèkì. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ nìkan lo fẹ́ ọkọ tó sọ ìyàwó di dẹ́rẹ́bà."

"Ọkọ tiyín dà tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò?"

Ọjọ́ tó jáde opó, tó kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà jáde, ló ti rí i pé ó tẹ̀. Ó sì ń le lójú ọ̀nà. Kòtò kékeré lásán, gbogbo ara mọ́tò á gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí á máa ro èèyàn. Bẹ́ẹ̀ Nabeelah ọmọ rẹ̀ lóyún, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, Zùwáírátù ló sì ń gbé e láti Àpáta lọ fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kan, Nabeelah ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kó lè na ẹsẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó rọra tì í padà, ó lọ jókòó síwájú.

"Kí ló dé?"

"Mọ́mì, ẹ ta mọ́tò yìí. Tẹ́ ò bá tà á, ẹ tún un ṣe. Mi ò gbé oyún mi wọ̀ ọ́ báyìí mọ́."

Zùwáírátù ò fẹ́ tà á. Nǹkan kan ṣoṣo tí Àlàájì fi ọwọ́ ara wọn lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oyún kì í ṣe eré. Ó gbé e lọ bá Àyànníyì, mẹkáníìkì ní Challenge.

Àyànníyì mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó ń wò bó ṣe ń mì.

"Àlàájà, sípíríìngì yín ti rẹ̀, ṣọ́ọ̀kù ti kú. Ẹ̀yin lẹ ń di aṣọ Dùgbẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń kó kúrò nílé."

"N kì í kó aṣọ sẹ́yìn mọ́tò Àlàájì."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí."

Ó pààrọ̀ sípíríìngì, ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù. Nígbà tó yọ jáàkì, ìdí mọ́tò dúró dọ́gba. Inú Zùwáírátù dùn, ó wọlé, ó ṣíná. Ìjókòó ẹ̀yìn sì dún, kín-ín, bí ìgbà tí èèyàn fi ìdí lé e. Ìdí mọ́tò rọra wálẹ̀ lápá ọ̀tún. Lọ́fínńdà tí Àlàájì máa ń fi lọ kí Jímọ̀ gba gbogbo inú mọ́tò.

Àyànníyì ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká wà á lọ," ó ní. "Èmi fúnra mi á jókòó síbẹ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó sí kọ́nà náà. Tí èèyàn bá jókòó sínú mọ́tò, ńṣe ni mọ́tò máa ń lọ sílẹ̀. Eléyìí gòkè. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n lára. Ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà kan dìde fún un kó lè ráyè. Zùwáírátù wo díńgí. Àyànníyì nìkan ló rí, ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ọmọ ilé kéwú.

Wọ́n bọ́ sí Ring Road. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú lápá òsì, lábẹ́ ẹsẹ̀ Zùwáírátù gan-an. Gbà. Gbà. Irin ń lu irin. Mọ́tò náà ò dún bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnìkan wúkọ́.

Ẹsẹ̀ Zùwáírátù ti tẹ bíréèkì kó tó mọ̀ pé òun gbọ́ ọ.

"Ìwọ lo wúkọ́?"

"Èmi kọ́." Àyànníyì di ìjókòó iwájú mú. "Ẹ má wà á mọ́, Àlàájà. Ẹ pa iná ẹ̀."

Létí títì níbẹ̀ ló ti gbé jáàkì sábẹ́ iwájú lápá òsì. Ó ki irin gígùn sábẹ́ táyà, ó fi gbé e díẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, irin roboto tó de ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara mọ́tò, yọ bọ́ sílẹ̀ bí eyín ọmọdé. Àyànníyì mú un, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀yìn ni mo ń wá nǹkan sí, iwájú ló wà. Irin yìí ti jẹ tán tipẹ́. Ó yẹ kí táyà yìí ti yọ lórí eré."

"Kí ló wá gbé e dúró?"

Ó wo kọ́nà ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Tẹ́ni tó wúwo bá jókòó lẹ́yìn lápá ọ̀tún, iwájú lápá òsì á fúyẹ́. Ìnira á kúrò lórí ẹ̀. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ mọ́tò jù mí lọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo lé wọn dìde tó fi ń dún. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Nígbà tó tún un ṣe tán, Àyànníyì ò tẹ ìdí mọ́tò wò. Ó ṣí fìlà, ó kí kọ́nà náà tó ti tún wálẹ̀, ó sì sún kúrò nídìí mọ́tò.

Mọ́tò rìn lọ sílé bí ìgbà tó wà ní tuntun. Nígbà tí wọ́n dé iwájú mọ́ṣáláṣí Baṣọ̀run, níbi tí Àlàájì ti máa ń sọ̀ láti kí Ásárì, Zùwáírátù dúró láìrò ó. Ìjókòó ẹ̀yìn dún. Ìdí mọ́tò gòkè. Òórùn lọ́fínńdà náà lọ.

"Ẹ ṣé, Àlàájì," ó ní. Kò bojú wẹ̀yìn.

Mọ́tò yẹn náà ló fi gbé Nabeelah lọ bímọ, òun náà ló fi gbé ìyá àti ọmọ bọ̀. Gbogbo kòtò tí wọ́n bá pàdé, ọmọ náà ń sùn ni. Mọ́tò ò tẹ̀ mọ́.

Ọmọ ti ń rá nígbà tí Zùwáírátù dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí òun sùn tẹ́jú. Lápá ọ̀tún, ibi tí Àlàájì máa ń sùn sí, tìmùtìmù jìn wọlé, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́fínńdà gba yàrá.

Ẹ̀rù ò bà á. Ó rántí ọ̀rọ̀ Àyànníyì, pé ibi tí ẹni náà jókòó sí kọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́, òdìkejì ni. Ó rọra gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, lápá òsì. Ọkàn rẹ̀ ń lù, bó ṣe máa ń lù. Kò sí ibi tó ń dùn ún.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnìkan wúkọ́.

Kò dáná, kò lọ sí Dùgbẹ̀. Ó fa ìborùn borí, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ lọ rí dókítà ní Jericho. Ó ṣíná sí mọ́tò, kò sì gbéra títí ìjókòó ẹ̀yìn fi dún.